Àlàárì Ni, Kì Í Ṣe Ẹtù: Bí A Ṣe Yọ Kòkòrò Lára Àwòrán Màmá Àgbà

Láyé àtijọ́, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá so ẹyọ owó mẹ́fà pọ̀, tó sì fi rán ọmọdé sí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, kò nílò lẹ́tà mọ́. Ẹ̀fà ni iye owó náà. Ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí i. Bí ọmọbìnrin náà bá dá ẹyọ mẹ́jọ padà, ó ti fèsì pé èrò àwọn méjèèjì jọ. Bí àrokò ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ mẹ́fà yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ àlejò tí kò gbọ́ èdè Yorùbá, owó lásán ni yóò pè é. Ọ̀rọ̀ inú àrokò kò sí lára owó nìkan. Inú àdéhùn tó wà láàárín ẹni tó dì í àti ẹni tó tú u ló wà.

Àwòrán inú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí àrokò. Kò sí ojú, kò sí aṣọ, kò sí ẹ̀rín nínú fáìlì àwòrán. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, láti 0 dé 255, tí a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní báìtì. Nọ́ńbà mẹ́ta ló sábà máa ń para pọ̀ di àmì tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe fẹ̀ tó, ibi tí ìlà kan ti parí, àti èwo nínú àwọ̀ mẹ́ta náà ló ṣáájú. Gbogbo èyí ni àdéhùn. JPEG, PNG àti BMP jẹ́ àdéhùn tí gbogbo ayé mọ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù tiyín fi ń ṣí àwòrán tí fóònù tèmi yà.

Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má dá àdéhùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2021, akọètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dominic Szablewski gbé ìlànà tuntun kan jáde tó pè ní QOI, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ pátá lójú ìwé kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣe irú rẹ̀ fún ìgbádùn ara wọn. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ni ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí àdéhùn bá wà lórí ẹnìkan ṣoṣo, tí ohun tí a fi pamọ́ sínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹbí.

Fọ́tò 43 àti fíláàṣì kan

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ó kọ ètò kékeré kan ní èdè C. Iṣẹ́ ètò náà ni pé kó gba àwòrán láti orí sìkáánà, kó sì tọ́jú rẹ̀ ní ìlànà tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú oríkì màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá wa, ló fi ṣe àmì ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì. Fọ́tò 43 láti inú álíbọ́ọ̀mù ẹbí ló kó sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òjò jò wọ àjà ilé wa ní Ìbàdàn. Álíbọ́ọ̀mù náà rin gbingbin, àwọn fọ́tò lẹ̀ mọ́ ara wọn, nígbà tí wọ́n sì fi máa ṣí wọn, ojú àwọn èèyàn inú wọn ti bó kúrò. Kò pẹ́ sí i tí kọ̀ǹpútà tí àbúrò mi ń lò nígbà náà fi kú, tòun ti ètò tó kọ. Fíláàṣì kan ṣoṣo ló kù, fáìlì 43 sì wà lórí rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kankan láyé kò mọ̀ bí yóò ṣe ṣí.

Lọ́dún yìí ni ìrántí ọdún kẹwàá tí màmá àgbà fi wàjà. Ìyá wa ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́ lójú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ètò ìrántí: fọ́tò tí màmá àgbà ti jókòó sórí àga onígi, tí wọ́n wé gèlè, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn fọ́tò yòókù, wọn kò rẹ́rìn-ín rárá. Àwọn àgbà ìgbà yẹn kì í fi ẹyín han fọ́tò. Atẹ̀wé fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Àbúrò mi jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tuntun tí yóò ṣí àwọn fáìlì náà, ní èdè Java tó ń lò níbi iṣẹ́ báyìí. Èmi jókòó tì í pẹ̀lú bírò àti ìwé.

Kòkòrò ni àwọn akọètò ń pe àṣìṣe inú ètò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń lo ọ̀rọ̀ náà láti ayé Thomas Edison. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìṣirò Mark II ní Yunifásítì Harvard rí àfòpiná gidi kan tó há sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, ìwé náà sì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà di òní. Àwọn àgbà tiwa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ara fáìlì náà la ó ti wá tiwa.

Èwo ló ṣáájú, kékeré tàbí ńlá?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ètò tuntun náà ṣiṣẹ́, ó kú lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó,” àbúrò mi wí. “Ó ní àwòrán yìí fẹ̀ tó 32,258, ó sì ga tó 33,795. Àyè tó lé ní bílíọ̀nù 3 báìtì ló ń bèèrè. Ta ló ní irú sìkáánà bẹ́ẹ̀?”

A tẹ́ àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀rẹ̀ fáìlì sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn lẹ́tà oríkì mẹ́rin, ohun tó tẹ̀ lé e ni 126, 2, 132 àti 3. Báìtì kan kò lè ju 255 lọ, nítorí náà báìtì méjì ló gbọ́dọ̀ para pọ̀ kí wọ́n tó lè gbé nọ́ńbà tó tóbi: ọ̀kan ń ka ẹyọ, èkejì ń ka 256-256. Bí a bá gbà pé ńlá ló ṣáájú, 126 lọ́nà 256, kí a fi 2 kún un, yóò jẹ́ 32,258. Bí a bá gbà pé kékeré ló ṣáájú, 126 ni ẹyọ, 2 lọ́nà 256 sì jẹ́ 512. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 638. Lọ́nà kan náà, 132 àti 3 yóò fún wa ní 900. Fọ́tò tó fẹ̀ ní 638, tó sì ga ní 900: èyí bá ìdúró fọ́tò mu.

Èmi tí mo kọ́ èdè Yorùbá kò rí ohun àjèjì níbẹ̀. Bí a bá ń ka 64, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọgọ́ta. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni à ń wí: mẹ́rin ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, kí a tó gbé e lé ọgọ́ta. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi ńlá ṣáájú níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí àbúrò mi lò ń kọ nọ́ńbà bí àwa ṣe ń ka 64. Java ní tirẹ̀ ń ka báìtì bí Gẹ̀ẹ́sì. Ìjà tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láàárín àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1980, Danny Cohen kọ àpilẹ̀kọ kan láti parí ìjà náà, ó sì fi wọ́n wé àwọn ará ìlú inú ìwé Jonathan Swift tí wọ́n ń bá ara wọn jagun nítorí ẹ̀gbẹ́ tí ó yẹ kí a ti fọ́ ẹyin. Láti ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọ̀nà méjèèjì di òní ti wá. Ìlànà TIFF tilẹ̀ máa ń fi lẹ́tà II tàbí MM ṣíwájú fáìlì kí òǹkàwé lè mọ ọ̀nà tí a gbà kọ ọ́. Fáìlì àbúrò mi kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀.

Ìtàn inú 7,019

Nígbà tí ó yí ọ̀nà ìkàwé náà padà, àwòrán jáde. Àwòrán kọ́ ni kí n pè é. Eruku oríṣiríṣi àwọ̀ ni, bí ìgbà tí ẹnìkan fọ́n àtíkè aláwọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Àbúrò mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. “Bóyá fáìlì yẹn ti bàjẹ́,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí ìyá wa wà nínú yàrá kejì.

Mo ní kó jẹ́ kí a ṣírò bó ṣe yẹ kí fáìlì náà tóbi tó. Píksẹ́lì 638 ní báìtì mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ 1,914 fún ìlà kan. Ìlà 900 jẹ́ 1,722,600. Báìtì 8 wà níwájú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,722,608. Ṣùgbọ́n 1,729,627 ni kọ̀ǹpútà ní fáìlì náà tóbi tó. Báìtì 7,019 ló lé, a kò sì mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Àkúnlé yẹn ló fún wa nírètí. Fáìlì tó bàjẹ́ sábà máa ń dín ni. Tiwa ń pọ̀ sí i. Àbúrò mi rántí ohun kan. Láti ìgbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláfọwọ́tẹ̀ ni ìṣísẹ̀ méjì ti wà nínú bíbẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun: kí orí ẹ̀rọ padà sí ẹ̀gbẹ́, kí ìwé sì yí sókè. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ gba nọ́ńbà 13, èkejì gba 10. Linux ń lo 10 nìkan láti fi parí ìlà. Windows ń lo 13 àti 10 pọ̀. Nítorí náà, bí akọètò èdè C bá ṣí fáìlì lórí Windows láìsọ pé kì í ṣe ìwé kíkà, ibikíbi tí 10 bá ti jáde ni ẹ̀rọ yóò ti fi 13 síwájú rẹ̀. Ó rò pé ìlà ọ̀rọ̀ ló parí, kò mọ̀ pé àwọ̀ ara gèlè ni 10 yẹn ń sọ. Lẹ́tà b kan ṣoṣo ni akọètò máa fi kún àṣẹ rẹ̀ tí èyí kò fi ní ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní í yà á lẹ́nu pé ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lè yí odidi ọ̀rọ̀ padà.

A ka iye ìgbà tí 10 wà nínú fáìlì náà: 5,219. A wo ohun tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: 13 ni, kò yẹ ọ̀kan. Àwòrán gidi kò lè ṣe déédéé bẹ́ẹ̀ láéláé. A ti mú kòkòrò náà. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé ìbàjẹ́ yìí ṣe é tún ṣe láìkù síbì kan, nítorí pé 13 kan péré ni ẹ̀rọ fi síwájú 10 kọ̀ọ̀kan. Bí 13 tòótọ́ bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, méjì ni yóò wà báyìí. Bí a bá yọ ọ̀kan, èkejì yóò wà níbi tó ti wà.

Ṣùgbọ́n 7,019 ni gbèsè wa, 5,219 la ti san. Ó ku 1,800.

“Ìlà mélòó lo ní ó wà nínú àwòrán yìí?” mo bi í.

“900.”

“Báìtì méjì-méjì fún ìlà kan nìyẹn.”

Ó fi ọwọ́ lu orí. Ìlànà BMP ti Microsoft ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, BMP kì í sì í jẹ́ kí ìlà kan parí láìjẹ́ pé iye báìtì rẹ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin. Bí 1,914 kò ti ṣeé pín sí mẹ́rin, a ó fi òdo méjì dí i kó lè di 1,916, bí ẹni tó ń fi ewé dí àyè tó ṣófo nínú agbọ̀n kí ẹrù má baà máa mì. Ìwà yìí ló mú wọ inú ìlànà tirẹ̀. Bí ẹni tó ń kà á kò bá mọ̀, yóò ka òdo méjì náà mọ́ ìlà tó tẹ̀ lé e, ìlà yẹn yóò sún, èyí tó tẹ̀ lé e yóò sún jù ú lọ, títí gbogbo àwòrán yóò fi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀pẹ tí ìjì tẹ̀.

Ó yọ 13 kúrò, ó sì fo òdo méjì ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Màmá àgbà jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀

A pe ìyá wa. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ́, omi sì lé sí wọn lójú. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa ojú ro.

“Ìyá mi nìyí lóòótọ́,” wọ́n wí, “ṣùgbọ́n aṣọ wọn kọ́ nìyí.”

Àbúrò mi dáhùn pé ẹtù tó dára ni. Lójú rẹ̀, kò sí àléébù: aṣọ náà dúdú mọ́ búlúù bí ẹtù ṣe máa ń rí, eérú tó sì dà bí ẹni pé ó bo ojú màmá àgbà, ọjọ́ orí fọ́tò ló kà á sí.

“Àlàárì ni,” ìyá wa tẹnu mọ́ ọn. “Èmi ni wọ́n rán lọ gbà á lọ́wọ́ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Pupa ni. Mi ò lè gbàgbé.”

Kòkòrò tó kẹ́yìn nìyẹn, kò sì sí ìṣirò kankan tó lè tú u fó, nítorí pé iye báìtì pé, ìlà gún, ohun gbogbo wà létòlétò. BMP kì í fi pupa ṣáájú; búlúù ló ń kọ́kọ́ kọ, kó tó kan àwọ̀ ewé, kó tó wá kan pupa. Àbúrò mi ti gba ìwà yìí náà wọ inú ìlànà tirẹ̀, ó sì ti gbàgbé. Àwọ̀ bíi 140 fún pupa, 20 fún àwọ̀ ewé àti 45 fún búlúù, àlàárì tó jinlẹ̀ ni. Bí a bá pààrọ̀ 140 àti 45 fún ara wọn, ẹtù ni yóò dà. Ó yí ìlà kan padà nínú ètò náà, ó sì tún ṣí fáìlì. Àlàárì tàn yòò. Eérú kúrò lójú màmá àgbà, ara wọn sì padà sí àwọ̀ tí a fi mọ̀ wọ́n. Ìyá wa kò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà náà.

Bí kì í bá ṣe tiwọn, ẹtù ni à bá tẹ̀ sínú ìwé ètò, ẹtù ni àwọn ọmọ wa ì bá sì gbà pé màmá àgbà wọ̀. Kò sí ẹni tí yóò já a.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fọ́tò nípamọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ẹni tí kò mọ ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀, nítorí gbogbo wa la ti kó fọ́tò ẹbí wa sínú ẹ̀rọ. Èkíní, ẹ tọ́jú wọn ní ìlànà tí gbogbo ayé mọ̀. JPEG kò gba àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ díẹ̀ nù lára àwòrán, ìgbàkígbà tí ẹ bá sì tún un ṣe, tí ẹ tún un fi pamọ́, ó lè sọ òmíràn nù sí i. PNG kò sọ ohunkóhun nù. Àwọn tó ṣe PNG ní ọdún 1995 àti 1996 tilẹ̀ mọ̀ nípa kòkòrò tó bá wa jà: báìtì mẹ́jọ tó ṣáájú gbogbo fáìlì PNG ni 137, 80, 78, 71, 13, 10, 26 àti 10. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi 13 àti 10 síbẹ̀ ni, kí ẹ̀rọ tó bá fi ọwọ́ kàn wọ́n lè fi ara rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀.

Èkejì, bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti máa dá ìlànà tuntun sílẹ̀, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ lójú ìwé kan, kí ẹ sì fi í sójú kan náà pẹ̀lú àwọn fáìlì: bí nọ́ńbà ṣe tò, bí ìlà ṣe parí, àwọ̀ tó ṣáájú. Kí àwòrán gidi náà sì wà níbòmíràn. Àbúrò mi ti kọ tirẹ̀ báyìí. Kò kún ojú ìwé kan. Ó sì ti yí gbogbo fáìlì 43 náà sí PNG.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹ pe àwọn àgbà yín jókòó sí iwájú àwọn fọ́tò náà nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ tí a ti ṣí fọ́tò màmá àgbà ni ìyá wa ti ń bá wa wo àwọn 42 yòókù lálaalẹ́, tí mò ń kọ ohun tí wọ́n ń wí sílẹ̀: ta ni ọmọ tó dúró lẹ́yìn àga, ìgbéyàwó ta ni èyí, ilé ta ni wọ́n ti yà á. Fọ́tò 17 ló kù. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan wọ agbádá, ó gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́, ìyá wa kò sì dá a mọ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn tó wà ní Ọ̀yọ́ ló lè mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé ni a ó lọ bá wọn.